Ọkàn Ńlá Méjì Nínú Ilé Kan ní Ìpakodò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi síwájú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ yín, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, níbi tí iṣan ti ń sọ kútú-kútú. Ẹ wo aago, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí ó sọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó yẹ kí iye náà wà láàárín 60 àti 100. Ẹ fi iye tiyín pamọ́ sọ́wọ́. A ó padà bá a.

Ọ̀ràn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé kan náà ni gbogbo wa jọ ń gbé ní Ìpakodò, kò jìnnà sí èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò Ìkòròdú lọ sí Èkó. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, ó ti di ọdún 27, Tíṣà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, títí kan ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀. Òun ń ta ẹja yíyan. Ọmọ rẹ̀ yìí jẹ́ ẹni ọdún 24, kò sì sí ohun tí ó fẹ́ràn láyé bí eré sísá. Kì í ṣe eré mítà 100 tí a ń fi ìṣẹ́jú àáyá kà o. Eré ọ̀nà jíjìn ni, irú èyí tí a mọ àwọn ará Kenya àti Ethiopia mọ́. Ní aago márùn-ún ìdájí ó ti bọ́ sọ́nà. Á gba ọ̀nà Ìgbógbò, á yọ sí Bayékù létí ọ̀sà, á sì tún sáré padà wálé kí ẹ̀kọ ìyá rẹ̀ tó jinná. Ọdún mẹ́fà ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ilé iṣẹ́ kan tí ó fẹ́ gbà á sí iṣẹ́ ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ara. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó yẹ̀ ẹ́ wò ka iṣan ọwọ́ rẹ̀, ó rí 44. Ó tún un kà, 44 náà ni. Ó bi í bóyá ó ti jẹun. Wọ́n ya fọ́tò inú àyà rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkàn rẹ̀ ń lù lọ́ra jù, ó sì tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Ilé iṣẹ́ náà ní kí ó máa lọ sílé ná.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, orí apẹ̀rẹ̀ ẹja ni ó jókòó lé. Ó ní, “Wọ́n ti rí ọmọ mi ṣe o! Ọmọ tí kò tilẹ̀ ní ibà!” Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kó bàtà tí ọmọ náà fi ń sáré sínú àpótí ní ibi tí ó ti ń yan ẹja, ó sì tì í pa. (Títí di òní olónìí, òórùn ẹja kò kúrò lára bàtà náà.)

N kò lè bá a wí, nítorí pé àyà tèmi náà já. Ẹni tí ó bá ti dàgbà díẹ̀ nínú wa yóò rántí ọjọ́ Sátidé, August 12, 1989. Orílẹ̀-èdè wa ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù ní Pápá Ìṣeré ti orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, láti wá ọ̀nà lọ sí ìdíje Ife Àgbáyé. Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré parí nígbà tí Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi ara kàn án. Agbẹjọ́rò ni, ẹni ọdún 25, ó sì kú. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bí ó ti yẹ, àti pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí a bá gbọ́ “ọkàn tí ó tóbi” lẹ́nu dókítà nínú ilé wa, orúkọ ikú ni a gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí a tó rí dókítà ọkàn tí yóò gbà wá wò ní Èkó. Ọkọ̀ ojú omi ni a wọ̀. Bí a ti jókòó pẹ̀lú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì lọ́rùn wa, ọmọ náà yíjú sí mi, ó ní, “Bàbá, bí ó bá jẹ́ pé ọkàn mi ń ṣàìsàn lóòótọ́, kí ló dé tí kì í rẹ̀ mí?” Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò rí èsì fọ̀. Omi ni mo ń wò títí a fi dé Marina.

Obìnrin ni dókítà náà, kò sì kánjú. Kò tíì fi ọwọ́ kan nǹkan kan tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Ǹjẹ́ ó ti dákú rí nígbà tí ó ń sáré? Ǹjẹ́ àyà ń dùn ún bí ó bá ń sáré? Ǹjẹ́ ẹnìkan nínú ìdílé bàbá tàbí ti ìyá rẹ̀ ti kú ikú òjijì ní kékeré? Rárá ni èsì gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, tí ẹ̀rọ fi kọ ìlù ọkàn rẹ̀ sórí ìwé. Ó sì fa aṣọ ojú fèrèsé, ó gbé ẹ̀rọ kan lé e láyà, èyí tí ń rán ohùn tí etí wa kò lè gbọ́ wọ inú ara, tí ohùn náà á sì padà wá di àwòrán. Mo fi ojú mi rí ọkàn ọmọ wa. Ó ń ṣí, ó ń pa dé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹnu ẹja nínú omi.

Dókítà ka iṣan ọwọ́ rẹ̀, ó rí 50. Ó bi í pé ìgbà wo ni ó sáré kẹ́yìn. A sọ fún un pé bàtà wà ní àtìmọ́lé láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní pé bí iye náà ti gòkè láti 44 sí 50 nígbà tí kò sáré mọ́, ọ̀kan nínú ẹ̀rí nìyẹn pé eré ni ó mú un wá sílẹ̀, kì í ṣe àrùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀ bí ó ti yé mi, nítorí pé lọ́jọ́ náà, nínú ọkọ̀ tí ó gbé wa padà, àwọn alábàárù tí mo máa ń rí ní èbúté ni mo fi ń rò ó. Ní ìṣẹ́jú kan, ara ènìyàn tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń fẹ́ nǹkan bí lítà 5 ẹ̀jẹ̀ láti ọwọ́ ọkàn. Ọkàn tèmi lù ní ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú kan lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá pín in, ẹ ó rí i pé ẹrù tí ó ń gbé lẹ́ẹ̀kan kò tó mílílítà 65. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ó ń sáré lójoojúmọ́, ìgbà 44 péré ni, ẹrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sì lé ní mílílítà 110. Alábàárù kan ń lọ, ó ń bọ̀, pẹ̀lú igbá kékeré lórí. Èkejì gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá, ó rìn ní ìdajì ìrìn rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọjọ́ kan: 118,080 ni tèmi, 63,360 ni tirẹ̀. Ọkàn tèmi fi ìgbà 54,720 lù ju tirẹ̀ lọ, èmi tí n kò sáré dé ibì kankan!

Bí ó bá wá di pé kí a sáré, níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti ń hàn gbangba. Bí ọkùnrin tí kò mọ eré bá sá gbogbo agbára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè tú nǹkan bí lítà 20 jáde ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí kò kún kẹ́ẹ̀gì epo tí à ń rà lọ́jà, oní-lítà 25. Ọkàn àwọn ògbólógbòó sárésáré lè tú lítà 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́ẹ̀gì kan kún, èkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, láàárín ìṣẹ́jú kan!

Báwo ni ó ṣe di ńlá? Iṣan ẹran ni ọkàn, bí iṣan ẹsẹ̀ tàbí ti apá. Bí ènìyàn bá ń sáré fún wákàtí kan, ẹ̀jẹ̀ á máa ya padà sínú ọkàn bí àgbàrá òjò, á sì máa fẹ yàrá rẹ̀, pàápàá yàrá apá òsì, èyí tí ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Oṣù ń gorí oṣù, yàrá náà á fẹ̀ sí i, ògiri rẹ̀ á sì nípọn díẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó bá a mu, ṣùgbọ́n yóò rọ̀, yóò ṣeé fà bí rọ́bà tuntun. Ẹ̀jẹ̀ inú ara pàápàá á pọ̀ sí i. Iṣan kan sì wà tí ó ti inú orí sọ̀kalẹ̀ wá sí ọkàn, tí ó dà bí okùn ìjánu ẹṣin. Lára sárésáré, ìjánu yìí máa ń fa ọkàn sẹ́yìn gan-an nígbà ìsinmi. Ibi tí ìlù ọkàn ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọkàn fúnra rẹ̀ náà á kọ́ láti máa rọra lù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1899, dókítà ará Sweden kan tí ń jẹ́ Henschen, ní ìlú Uppsala, yẹ àwọn tí ń fi igi pẹlẹbẹ wọ́ ara wọn sáré lórí yìnyín wò. Ìka ni ó fi ń lu àyà wọn, tí ó ń tẹ́tí sí bí ó ti ń dún, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà ti ń lu ògiri láti mọ ibi tí ó ṣófo. Ó rí i pé ọkàn wọn tóbi, ó sì sọ pé irú ọkàn ńlá bẹ́ẹ̀ dára bí ó bá lè ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ sí i. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, àwọn dókítà mìíràn ṣì ń bẹ̀rù pé eré ọ̀nà jíjìn a máa ba ọkàn jẹ́.

Ẹni tí inú mi dùn sí jù nínú ìtàn yìí ni Clarence DeMar, ará Amẹ́ríkà, nítorí pé òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ni, ẹni tí ń to lẹ́tà, ó sì tún jẹ́ tíṣà tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ náà. Dókítà kan ti sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ń dún lódì, kí ó fi eré sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Ìgbà méje ni ó gba ipò kìíní nínú eré ọ̀nà jíjìn ti ìlú Boston, láti ọdún 1911 títí dé ọdún 1930. Jẹjẹrẹ ni ó pa á ní ọdún 1958, nígbà tí ó pé ẹni 70 ọdún. Wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò lẹ́yìn ikú, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 1961: àwọn òpó tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn náà fúnra rẹ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ju ti ènìyàn gbogbo lọ.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an. Ní ọdún 2008, àwọn dókítà ní London tẹ èsì ìwádìí jáde lórí ọkàn àwọn ọkùnrin eléré ìdárayá. Nínú 100 aláwọ̀ dúdú, 18 ni ògiri ọkàn wọn nípọn ju mílímítà 12 lọ. Nínú 100 òyìnbó, 4 péré ni. Ìwé tí wọ́n fi wáyà ọkàn kọ náà sábà máa ń yàtọ̀ lára wa. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n tí a mú láti ara òyìnbó nìkan ni a fi dá ẹjọ́, a lè pe ọmọ wa tí ara rẹ̀ le ní aláìsàn, kí a gba eré àti oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. A sì lè ṣe àṣìṣe ní òdìkejì, kí a rò pé ọkàn tí ń ṣàìsàn lóòótọ́ jẹ́ ti eléré. Ìdí nìyẹn tí dókítà wa fi béèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó wo àwòrán. Ògiri ọkàn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ mílímítà 11, yàrá rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń rọ̀ dáadáa. Dókítà kọ ìwé fún un pé ara rẹ̀ le. Nígbà tí a fi máa gbé ìwé náà dé ilé iṣẹ́ ọ̀hún, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ipò náà. Ó ti rí iṣẹ́ mìíràn báyìí, ó ṣeun.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ti dìde. Ni dókítà bá wò mí, ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n wo tiyín náà.” Ó di aṣọ mọ́ apá mi, ó fẹ́ ẹ, ó dákẹ́, ó tún fẹ́ ẹ. 168 lórí 104. Ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù, kí n dùbúlẹ̀ síbi tí ọmọ náà ti dìde. Ògiri ọkàn tèmi jẹ́ mílímítà 14. Yàrá rẹ̀ kò fẹ̀ rárá. Ó ń há sí i ni. Kò sí ohun tí ń dùn mí. Kò sí orí fífọ́. Ẹni tí mo mú lọ sọ́dọ̀ dókítà ni ara rẹ̀ le. Èmi tí mo mú un lọ ni aláìsàn.

Ó wá fi yé mi bí ọkàn ńlá méjì ṣe lè wà nínú ilé kan, kí ọ̀kan jẹ́ ìlera, kí èkejì jẹ́ àrùn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, ọkàn dà bí ẹni tí ń ti ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn fẹ̀yìn tì láti òdìkejì. Ó ń tì í tọ̀sán-tòru. Iṣan rẹ̀ á nípọn sínú, á le gbagidi, yàrá á kéré. Bí ó bá pẹ́, ó lè rẹ̀ ẹ́, kí gbogbo rẹ̀ tú, kí ó sì wú. Iṣẹ́ sárésáré pọ̀ ju ìyẹn lọ láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n wákàtí 23 tí ó kù, ọkàn rẹ̀ ń sinmi. Tèmi kò ní ìsinmi kankan. Bí ọkàn sárésáré bá sì ti fi eré sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù mélòó kan. Ti ẹlẹ́jẹ̀ ríru kì í sún sẹ́yìn bí a kò bá tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà.

Èmi nìkan kọ́ ni o. Nínú àgbàlagbà mẹ́ta ní orílẹ̀-èdè wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnìkan ní í, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀. Dókítà Ọládípọ̀ Akínkugbé ti Ìbàdàn, ẹni tí ó di olóògbé ní ọdún 2020, ti kọ odindi ìwé lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ọmọ Áfíríkà láti ọdún 1972. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pariwo rẹ̀. Àwa olùkọ́ a máa jókòó ti ìwé ọmọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọlọ́jà a máa jókòó ti ọjà láti òwúrọ̀. Ilé mi sí ilé ẹ̀kọ́ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú 25 lọ, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo ń wọ̀ lọ tí mo sì ń wọ̀ bọ̀.

Ẹni ọdún 52 ni mí lọ́jọ́ náà, mo sì bi dókítà bóyá ó ti pẹ́ jù. Ó sọ ìtàn méjì fún mi. Ní ọdún 1966, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí wọ́n tún yẹ àwọn márùn-ún kan náà wò lẹ́yìn 30 ọdún, wọ́n rí i pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìdùbúlẹ̀ yẹn ba agbára wọn jẹ́ ju 30 ọdún ọjọ́ orí lọ. Ìkejì, ní ìlú Dallas kan náà, wọ́n kó àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 45 àti 64 jọ, àwọn tí kì í ṣe eré kankan. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń ṣe eré, ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́sẹ̀. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2018, líle ọkàn wọn ti dínkù ní nǹkan bí ìdámẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti dán an wò lára àwọn àgbà tí wọ́n tó ẹni 70 ọdún, fún ọdún kan, ara wọn lókun sí i, ọkàn wọn kò rọ̀. “Nítorí náà,” ó ní, “ẹ kò tíì pẹ́ jù, Tíṣà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ pé ó di ọ̀la.”

Oògùn ni ó kọ́kọ́ fún mi, kò jẹ́ kí n sáré títí ẹ̀jẹ̀ fi wálẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo sì wá ń sọsẹ̀, pẹ̀lú òfin kan: bí n kò bá lè bá ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ̀rọ̀ mọ́, eré náà ti pọ̀ jù. Ó kìlọ̀ fún èmi àti ọmọ náà pé ẹnikẹ́ni tí òòyì bá kọ́ tàbí tí àyà bá ń dùn lójú eré, kí ó dúró, kí ó sì wá dókítà, bí ó ti wù kí ó jẹ́ akọni tó. Ó sì sọ pé àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún sá eré àsápajúdé máa ń ní ìlù ọkàn tí kò lọ déédéé nígbà tí wọ́n bá dàgbà. Kò sí èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù nínú ìyẹn. Ibi tí mo lè sáré dé kò tíì ju èbúté lọ.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, mo ka 134 lórí 84, ìlù ọkàn mi sì ti di 70. Mo ṣì ń lo oògùn. Ọdún méjì ni dókítà dá fún mi kí ó tó tún wo ògiri ọkàn mi.

Ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, bàtà ti jáde ní àtìmọ́lé. Ó ti sá eré ọ̀nà jíjìn ti ìlú Èkó, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní February 6, 2016, kìlómítà 42 àti mítà 195, tí ó gùn ju ọ̀nà Ìkòròdú sí Èkó lọ. Sùúrùlérè, ní Pápá Ìṣeré tí Okwaraji ti ṣubú, ni wọ́n ti gbéra. Wọ́n gba orí afárá Third Mainland kọjá, wọ́n sì parí sí Eko Atlantic. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó dúró ti òpin eré pẹ̀lú fúláàsì ẹ̀kọ àti ìwé dókítà nínú báàgì rẹ̀.

Nísinsìnyí, bí ọmọ náà bá ti Bayékù dé tí ó sì ti sinmi, ìyá á nawọ́ sí i, á fi ìka méjì tí ń rùn fún ẹja lé e lọ́rùn ọwọ́, á sì tẹjú mọ́ aago ara ògiri. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá. Ó ní, “Ogójì lé méje. Ogójì lé mẹ́rin ni lọ́jọ́ Àìkú. Àbí o ti ń ya ọ̀lẹ ni?”